Oògùn Tó Ń Jókòó Sẹ́nu

Mo ti lọ gbòǹgbò kíkorò kan dé ìdajì, òógùn sì ti ń kán láti iwájú orí mi sílẹ̀, nígbà tí wọ́n mú Látúndé jáde sí àgbàlá ilé rẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì wú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀bọ tó jí àgbàdo. Ètè rẹ̀ pọ́n, ahọ́n rẹ̀ kò sì fẹ́ kan eyín. Látúndé yìí ni àbúrò Ìbídùnní ìyàwó mi. Ọkùnrin tó lè sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà ọjà dé oko láìmí ni, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ìka ló fi ń ṣàlàyé.

"Jókòó," mo wí fún un. "Ojú ti rí i tán, kí ni ìka ń rojọ́ sí?"

Mo kó èyí tí mo lọ̀ sínú ìkòkò amọ̀ tó ti ń hó. Mo fi atalẹ̀ gbígbẹ sí i, mo fi gbòǹgbò dídùn sí i, mo sì ń fi igi rò ó. Ẹ̀kán kan kò dà sílẹ̀. Àwọn ará ilé ti ń gbé àpótí ìjókòó wá, nítorí wọ́n mọ̀ pé bí mo bá ń se oògùn yìí, ìtàn ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀. Ìbídùnní jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ṣàngótóyè télọ̀ náà dé, ó gbé ṣòkòtò tí ó ń ká etí rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì fẹ́ fi í sílẹ̀ kí ó lè gbọ́ dáadáa.

"Máa rán ṣòkòtò rẹ lọ," mo wí. "Etí lo fi ń gbọ́ràn, kì í ṣe ọwọ́. Èmi kò fẹ́ òfò nítòsí mi."

Nígbà tí omi inú ìkòkò fà dé ìdajì, mo sẹ́ ẹ, mo jẹ́ kí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, mo sì bu ìwọ̀n ẹnu kan fún Látúndé.

"Gbọ́ òfin rẹ̀. Má gbé e mì. Má tu ú dànù. Má sọ̀rọ̀. Máa yí i kiri sọ́tùn-ún, sósì, àti sábẹ́ ahọ́n, títí n óò fi sọ pé ó tó. Níbi tí mo ti kọ́ ọ, igi tùràrí tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni wọ́n ń tanná ràn láti fi wọn àkókò. Èmi kò ní irú igi bẹ́ẹ̀. Ìtàn ni èmi fi ń wọ̀n ọ́n."

Oògùn náà kan ahọ́n rẹ̀. Ojú rẹ̀ fún pọ̀ bí ẹni tó gbọ́ pé àna rẹ̀ ń bọ̀ wá gbé oṣù kan lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó mi orí. Mo bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí ní arúgbó tó ń tẹ̀ jẹ́jẹ́ lónìí, ẹ kò mọ ẹni tí ẹ ń wò. Èmi Ọdẹ́gbàmí ni mo fi ọta kan ṣoṣo pa ẹfọ̀n létí odò Awẹ̀rẹ́, ẹfọ̀n tí ìwo rẹ̀ fẹ̀ tó ilẹ̀kùn ilé yìí. Nígbà tó ṣubú, ẹja fò jáde nínú odò. Látúndé wà níbẹ̀. Òun ló bá mi ru itan rẹ̀ wálé. Bí mo bá purọ́, kí ó sọ ọ́.

Ojú Látúndé là rekete. Ó na ìka sókè. Mo fi ìgbákọ hàn án. Ó sọ ìka kalẹ̀.

"Ẹ rí i," mo wí fún wọn, "kò jiyàn."

Ní ọdún tí mo ń wí, ibà wọ ara Ìbídùnní. Ibà náà lọ, ṣùgbọ́n ó fi ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ sí i lẹ́nu. Gbogbo inú ẹnu rẹ̀ bó, ó pọ́n bí epo tuntun, egbò funfun sì sọ sára ahọ́n àti èrìgì rẹ̀. Omi ta á. Ẹ̀kọ mímu ta á. Afẹ́fẹ́ tó bá gba àárín ètè rẹ̀ kọjá ta á. Obìnrin tó máa ń jẹ iyán, tó sì máa ń bá mi jà láàárín òkèlè kan sí èkejì, bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ bí ewé kókò tí a já sóòrùn. Ilé mi dákẹ́. Ẹ̀yin ọkùnrin tí ẹ máa ń gbàdúrà kí ìyàwó yín dákẹ́, ẹ ṣọ́ àdúrà yín o. Ó lè gbà.

A se àgbo fún un. Àgbo náà dára, ọwọ́ ara mi ni mo fi já ewé rẹ̀. Ìbídùnní á ti ojú ìrora gbé e mì lẹ́ẹ̀kan náà, gbìn, bí gbogbo wa ti ń mu àgbo, ẹnu rẹ̀ á sì wà bó ṣe wà. Ìyá rẹ̀ wá. Ó wo egungun ọrùn ọmọ rẹ̀, ó wò mí.

"Ọdẹ," ó wí, "ẹni tí kò lè jẹun kò lè pẹ́ láyé. Ìbọn tí o fi ń yangàn yẹn, gbé e kí o lọ fi wá nǹkan fún ọmọ mi."

N kò fi èsì ṣòfò. Mo gbé ìbọn, mo kó ọta àti pákò ìfọnu mi sínú àpò, mo wọ igbó.

Nínú tàkúté mi tó wà lójú ọ̀nà ni mo ti bá iwin kan. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan há sínú irin, ẹsẹ̀ kejì ń jó ijó.

"Ọdẹ, tú mi sílẹ̀," ó wí.

"Kí ni n óò rí gbà?"

"Ààlọ́ kan àti ọ̀nà kan."

"Ààlọ́ kò lè wo ìyàwó mi sàn."

"Èyí yóò wò ó sàn, bí etí rẹ bá gùn tó ẹnu rẹ. Ilé pupa kan wà. Ẹ̀ṣọ́ aláṣọ funfun tò sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Obìnrin kan tí ara rẹ̀ kì í gbẹ ló dùbúlẹ̀ sáàárín pálọ̀. Iná ń jó pálọ̀ náà. Gbogbo ẹni tó ru omi wá ń sáré gba àárín iná kọjá, wọ́n ń lọ da omi náà sí ẹ̀yìnkùlé. Kí ni kí wọ́n ṣe?"

Mo rẹ́rìn-ín. "Ẹnu ni ilé pupa. Eyín ni ẹ̀ṣọ́. Ahọ́n ni obìnrin tí kì í gbẹ. Ọmọ ọwọ́ mọ èyí."

"Kí ni kí wọ́n ṣe?" ó tún bi mí.

"Kí wọ́n ru omi púpọ̀ sí i."

Iwin náà rẹ́rìn-ín títí tàkúté fi ń pariwo. "Ìdajì ààlọ́ lo já," ó wí. "Ìdajì tó kù wà ní Japáànù, níbi tí oòrùn ti ń bọ́jú kí ó tó wá sọ́dọ̀ yín. Bí o bá débẹ̀, béèrè Ìyá Tomé." Ó yọ hóró èso kan nínú irun rẹ̀, ó ní kí n fi sínú etí, èdè kankan kò ní ṣàjèjì sí mi mọ́. Mo tú u sílẹ̀. Ó lọ, ẹsẹ̀ méjèèjì ń jó.

Ibí yìí ni Ṣàngótóyè ti gbé abẹ́rẹ́ dúró. "Bàbá, ṣé ẹsẹ̀ lẹ fi rìn dé Japáànù?"

"Ẹsẹ̀ mi ni. Ìwọ lo máa ń fi kẹ̀kẹ́ lọ sí ẹ̀yìnkùlé."

"Òkun ńkọ́?"

"Ọjọ́ tí òkun lọ kí àwọn àna rẹ̀ ni mo débẹ̀. Mo bá ilẹ̀ rẹ̀ ní gbígbẹ. Máa rán ṣòkòtò."

Kí n tó dé òkun, mo gba Igbó Ariwo kọjá. Ẹlẹ́nu-méje ló ni igbó náà. Ó ga ju ìrókò lọ, ẹnu méje ló sì wà lára rẹ̀: ẹnu wà lójú, ẹnu wà lábẹ́ àgbọ̀n, ẹnu wà ní èjìká àti igbáàyà, àní ikùn rẹ̀ ní ẹnu tirẹ̀. Bí wọ́n ti rí mi ni gbogbo wọn sọ̀rọ̀ pọ̀. Ọ̀kan ní kí wọ́n sè mí, èkejì ní kí wọ́n sun mí, òmíràn ní òun kò fẹ́ ẹran ọdẹ, ó máa ń le. Ọwọ́ rẹ̀ ti gbá mi lọ́rùn mú.

Ọdẹ mìíràn ì bá yìnbọn. Èmi kì í fi ọta ṣòfò sára ohun tí ọ̀rọ̀ lè pa. Mo ṣí fìlà.

"Ẹ̀yin àgbà," mo wí, "mo fẹ́ kí yín kí ẹ tó jẹ mí, nítorí ilé tí wọ́n ti kọ́ mi ni mo ti wá. Ṣùgbọ́n n kò lè kí àbúrò ṣáájú ẹ̀gbọ́n. Èwo nínú yín ni àgbà?"

 Ẹnu tó wà lójú wí pé, "Èmi ni. Èmi ni mo kọ́kọ́ mu ọmú."

"O mu ọmú," ti abẹ́ àgbọ̀n wí, "ta ló ké kí ìyá tó mọ̀ pé ebi ń pa wá?"

Ti inú ikùn fi ìgbéraga dáhùn, ó ní, "Ẹ dákẹ́, ẹ̀yin ọmọdé. Ṣé ẹ kò mọ̀ pé nínú ìbejì, ẹni tó gbẹ̀yìn dé ni ẹ̀gbọ́n? Èmi ni mo gbẹ̀yìn. Èmi ni mo rán yín ṣáájú wá wo ayé wò."

"Ìbejì kọ́ ni wá," ti èjìká wí. "Ìṣirò rẹ ti burú láti kékeré."

Ọ̀rọ̀ náà di ìjà. Ọwọ́ tó mú mi lọ́rùn fi mí sílẹ̀, ó lọ ń di ẹnu tó wà ní èjìká. Mo gba abẹ́ apá rẹ̀ kọjá, mo bá tèmi lọ. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ wá láti ìlà oòrùn, tí ẹ bá dẹtí, ẹ ó gbọ́ wọn. Wọn kò tíì parí rẹ̀.

Nígbà tí mo dé ibí yìí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ Látúndé ti kún ju bó ṣe yẹ lọ. "Gbé e mì díẹ̀díẹ̀," mo wí. Ó gbé e mì. Ó ya ẹnu, ó ní, "Ẹfọ̀n yẹn..." Mo ti bu òmíràn sí i lẹ́nu.

"Ó ń yin ẹfọ̀n náà," mo ṣàlàyé fún wọn. Ìbídùnní fi ìborùn bo ẹnu.

Mo dé Japáànù. Mo bá ilé pákó kan tí wọ́n gbá iwájú rẹ̀ mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo kọ́kọ́ fi ọwọ́ gbé bàtà mi. Arúgbó obìnrin kan yọ sí ẹnu ọ̀nà. Irun rẹ̀ funfun bí òwú, ó sì kéré bí ẹyẹ ẹ̀gà. Mo mọ̀ pé òun ni Ìyá Tomé. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Ìyá Tomé tẹrí ba fún mi.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa: àgbàlagbà tó ju ìyá mi lọ ló tẹ̀ba fún mi. Èèwọ̀ ni. Mo tún dọ̀bálẹ̀, mo yí sọ́tùn-ún, mo yí sósì. Òun náà tún tẹ̀ba, ó lọ sílẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ní tiwa, bí àgbà bá tẹrí ba, ọmọdé kì í dìde. Ní tiwọn, bí àlejò bá wà nílẹ̀, onílé kì í nàró. Oòrùn kúrò lórí òrùlé, ó sọ̀ kalẹ̀ sórí àtẹ̀gùn, a kò tíì wọlé. Ibi tí mo dojú bolẹ̀ sí ni mo ti ro ẹjọ́ mi fún un: mo sọ orúkọ mi, mo sọ ìtàn ẹfọ̀n, mo sọ bí mo ṣe kórìíra òfò, mo sì sọ ti ẹnu Ìbídùnní. Ológbò kan ló gbà wá. Ó gba àárín wa kọjá, àwa méjèèjì gbójú sókè láti wò ó, a sì bá ara wa lórí ìdúró.

Àpótí gíga kan wà lára ògiri ilé rẹ̀. Inú rẹ̀ kún fún àpótí kéékèèké bí ihò inú afárá oyin. Ìyá Tomé ń fa wọ́n jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó mú gbòǹgbò kan tó pọ́n rúsúrúsú bí ìyeyè, tó korò débi pé ewúro yóò pè é ní ẹ̀gbọ́n. Ó mú gbòǹgbò dídùn. Ó mú èso pupa gbígbẹ tó hunjọ, àti gbòǹgbò kan tó ní apá àti ẹsẹ̀ bí ènìyàn. Lẹ́yìn náà ló mú iṣu kékeré funfun kan.

"Èyí, oníwàhálà ni," ó wí. "Bí o bá jẹ ẹ́ ní tútù, yóò yún ọ lọ́fun bí kókò inú igbó. Ṣùgbọ́n atalẹ̀ ni ọkọ rẹ̀. Bí atalẹ̀ bá ti wà nínú ìkòkò, a máa hùwà dáadáa."

"Ní ilé tèmi, Ìyá," mo wí, "ìyàwó ni atalẹ̀."

Ó sè é. Ó di ìyókù sínú bébà pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, ó so ó pọ̀. Mo nawọ́ sí i. Ó gbé ìdì náà sẹ́yìn.

"Rárá. Oògùn tí ẹni tó gbé e kò mọ ìṣe rẹ̀, ẹrù lásán ni. Jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Fi èyí sẹ́nu. Mo máa tanná ran igi tùràrí. Títí igi náà yóò fi jó tán, má gbé e mì, má tu ú, má sọ̀rọ̀. Bí o bá lè ṣe é, ìwọ lo máa kọ́ ìyàwó rẹ."

"Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ?" mo wí. "Èmi tí mo ba de ẹfọ̀n láti òwúrọ̀ dé..."

"Fi sẹ́nu, Ọdẹ."

Mo fi sẹ́nu. Kíkorò rẹ̀ gun mí dé àtàrí. Mo jókòó bí òkúta. Ọkùnrin kan tó ru ẹja ń kọjá lọ, ó rí mi.

"Ẹ kú ìjókòó o, àlejò," ó wí.

Gbìn. Mo gbé e mì. "Òo, ẹ kú ìrìn o. Ẹ kú ẹrù. Ọjà á tà."

Ìyá Tomé yọrí. "Oògùn dà?"

"Ó wà níkùn, Ìyá."

"Ṣé ikùn ìyàwó rẹ ló bó?"

Ó tún bu òmíràn fún mi, ó sì tanná ran igi mìíràn. Ọmọbìnrin kékeré kan gba iwájú ilé kọjá. Ó dúró, ó tẹ̀ba títí irun rẹ̀ fi kan orúnkún, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Bàbá." Ta ni yóò gbọ́ ìyẹn tí kò ní dá a lóhùn? Mo tu oògùn sórí òdòdó kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn. "Káàárọ̀, ọmọ mi. Ṣé dáadáa lo jí? Bàbá rẹ ńkọ́? Ìyá rẹ ńkọ́? Gbogbo ilé ńkọ́?" Òdòdó náà pa ẹnu dé, kò sì ṣí i mọ́ títí mo fi kúrò nílùú.

Ìgbà kẹta, bàbá arúgbó kan tó tẹ̀ lé ọ̀pá ló kí mi. Àgbà ló kọ́kọ́ kí mi, ẹ̀yin ará. Kí n tó mọ̀, mo ti dọ̀bálẹ̀, oògùn sì ti gba imú jáde.

Ìyá Tomé kò bínú. Ó kàn nu ilẹ̀ náà. Lẹ́yìn náà ló fa àpótí kékeré tí gbòǹgbò kíkorò náà máa ń wà jáde, ó dojú rẹ̀ délẹ̀ fún mi kí n rí i. Ó ṣófo.

"Ẹni tó ní òun kórìíra òfò nìyí," ó wí. "Títí òjò yóò fi mú tuntun jáde, ìdì yìí nìkan ló kù, àti ìwọ̀n ẹnu kan nínú ìkòkò. Fi ìwọ̀n kan yìí ṣe é. Bí ó bá tún dà nù, ìdì náà á padà sínú àpótí. Ẹni mìíràn lè fi wo ẹnu sàn. N kò ní kó oògùn rán ẹni tí ẹnu tirẹ̀ kò ní ilẹ̀kùn."

Mo jókòó. Mo rí egungun ọrùn Ìbídùnní lójú mi kedere. Mo mọ̀ pé bí ẹnìkan bá kí mi, n óò dáhùn. Ìyá mi ló kọ́ mi, ìgbátí ló sì fi kọ́ mi: ẹni tí a kí tí kò jẹ́, ẹran ni. Ẹ̀kọ́ náà ti wọ egungun. Ẹ̀rù tí Ẹlẹ́nu-méje kò lè fi bà mí, ìkíni ọmọdé kan fi bà mí.

Àmọ́ ìyá mi kan náà, ìgbátí kan náà, ló kọ́ mi ní òmíràn. Ẹni tó jí tí kò tíì fọ ẹnu kì í kí ènìyàn, ènìyàn kì í sì í retí èsì lẹ́nu rẹ̀. Bí ọba bá bá ọ nídìí omi ìfọnu, tí pákò wà létè rẹ, ọba á kọjá lọ. Kò ní bínú. Ẹnu tí kò tíì mọ́ kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè ọ̀rọ̀.

Mo fọwọ́ kan àpò mi. Mo yọ pákò jáde, mo fi há igun ètè mi. Mo mu oògùn sẹ́nu.

Ẹlẹ́ja ń padà bọ̀. "Àlejò, ẹ ṣì wà níbẹ̀?" Mo fi ìka kan pákò, mo mi orí. Ó mi orí, ó kọjá. Ọmọbìnrin tẹ̀ba. Mo fi ìka kan pákò. Bàbá arúgbó kí mi. Mo fi ìka kan pákò, ọkàn mi sì balẹ̀ bí omi inú àmù. Bóyá wọ́n mọ àṣà náà, bóyá wọn kò mọ̀ ọ́n, kò kàn mí. Ìyá mi ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí, kì í ṣe wọn.

Bí mo ti dákẹ́ ni mo wá gbọ́ ohun tí oògùn náà ń ṣe. Ó korò, lẹ́yìn náà ó ta díẹ̀ bí atalẹ̀, lẹ́yìn náà ó dùn. Mo ti gé ahọ́n mi jẹ lọ́wọ́ Ẹlẹ́nu-méje. Ibẹ̀ tutù. Nígbà náà ni ìdajì ààlọ́ tó kù já fúnra rẹ̀. Omi kò tíì kéré láti ọjọ́ yìí. Kí ẹni tó ru omi wá jókòó sí pálọ̀ níbi tí iná wà, ohun tó kù nìyẹn. Gbogbo àgbo tí a fún Ìbídùnní, ẹ̀yìnkùlé là ń lọ dà á sí.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò sókè. Igi tùràrí ti jó dé ìdí. Ìyá Tomé pe àwọn aládùúgbò rẹ̀ jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ẹ wá wo ọdẹ ńlá," ó wí. "Òun ló fi ọta kan pa ewúrẹ́ létí odò."

"Ewúrẹ́?" ẹlẹ́ja bi í.

"Ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀."

"Ṣé ó ní ìwo?"

"Kò tíì yọ. Ọmọ ewúrẹ́ ni."

Ẹ̀yin ará, mo ti jà pẹ̀lú ẹkùn. Ejò ti bù mí ṣán, ejò náà ló kú. Ìrora wọ̀nyẹn, eré ni. Omi bọ́ lójú mi. Ahọ́n mi ń ta bí ẹja nínú àwọ̀n. Mo deyín mọ́ pákò náà títí ó fi là sí méjì. Ṣùgbọ́n mo rí egungun ọrùn yẹn, n kò ya ẹnu. Eérú tó gbẹ̀yìn já bọ́ lórí igi tùràrí. Mo gbé oògùn mì díẹ̀díẹ̀.

"Ẹfọ̀n ni," mo wí.

"Mo mọ̀," Ìyá Tomé wí, ó sì gbé ìdì náà lé mi lọ́wọ́. Ó fi díẹ̀ nínú gbòǹgbò tútù tí kò tíì gbó sí i fún mi láti gbìn. Ẹ má bèèrè bí mo ṣe padà. Ẹsẹ̀ tó lọ náà ló bọ̀.

Nígbà tí mo wọlé, Ìbídùnní kò lè gbé orí mọ́. Ìyá rẹ̀ kò kí mi, èmi náà kò kí i. Mo dáná, mo sè é, mo sẹ́ ẹ, mo rọra bu ú sí i lẹ́nu. Àwọn ẹbí ti kún yàrá. Ọ̀kan sún mọ́ ọn, ó ní, "Ìbídùnní, pẹ̀lẹ́ o." Mo rí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ tó mì. Ó fẹ́ gbé e mì kí ó lè dáhùn. Ikú dúró lẹ́bàá ibùsùn rẹ̀, ẹ̀kọ́ ilé kò jẹ́ kí ó rí i. Mo yára fi ìdajì pákò mi há igun ètè rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ wo pákò náà. Ó wò mí. Ó dìde, ó dojú kọ gbogbo ẹbí. "Ọmọ mi kò tíì fọ ẹnu," ó wí. "Ẹni tó bá fẹ́ kí i, kí ó padà wá."

Báyìí la ń ṣe é, àárọ̀, ọ̀sán, ìrọ̀lẹ́. Pupa náà ń rẹlẹ̀. Egbò ń pa ojú dé. Ó mu omi, omi kò ta á. Ó mu ẹ̀kọ. Lówúrọ̀ ọjọ́ kan, mo fẹ́ bu oògùn fún un, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ pákò lẹ́nu.

"Ọkọ mi."

"Mo ń gbọ́."

"Iyán dà?"

Ohùn odó ìyá rẹ̀ ti dún lẹ́yìn ilé kí n tó dáhùn. Mo bọ́ síta. Mo dojú kọ ògiri, mo ń wò ó fún ìgbà díẹ̀. Ògiri náà fẹ́ kí a tún un rẹ́.

Ibẹ̀ ni mo dúró.  Ìbídùnní ń wo ilẹ̀.

"Látúndé," mo wí, "ó tó. Gbé e mì díẹ̀díẹ̀."

Ó gbé e mì. Ó fi ahọ́n kan eyín lọ́tùn-ún, ó fi kàn án lósì. Ojú rẹ̀ tú ká.

"Àna mi, ẹ ṣeun. Ó fúyẹ́. Ó ti fúyẹ́ gan-an."

"Kò tọ́pẹ́. Máa ṣe é bẹ́ẹ̀ títí yóò fi lọ tán."

"Ṣùgbọ́n mo wà létí odò Awẹ̀rẹ́ lọ́jọ́ yẹn."

"Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn."

"Ẹ̀yin ará," Látúndé wí, ó sì rọra ya ẹnu náà dáadáa bí ẹni tó ń dán aṣọ tuntun wò, "ewúrẹ́ ni."

Ṣàngótóyè gún ara rẹ̀ lábẹ́rẹ́. Ìbídùnní rẹ́rìn-ín títí ìborùn rẹ̀ fi bọ́ sílẹ̀, eyín rẹ̀ funfun, ahọ́n rẹ̀ dán, inú ẹnu rẹ̀ mọ́ tónítóní.  Mo rọ oògùn tó kù sínú ìgò fún Látúndé, mo fọ ọlọ, mo fi omi tí mo fi fọ̀ ọ́ pa iná, mo dojú ìkòkò dé, mo gbé àpò kọ́ èjìká.

"Bàbá, ẹ dúró," Ṣàngótóyè ké tẹ̀ lé mi. "Ẹfọ̀n ni àbí ewúrẹ́?"

Mo ti dé ẹnu ọ̀nà. Mo yọ pákò nínú àpò, mo fi há igun ètè mi, mo fi ìka kàn án fún un kí ó rí i, mo sì bá tèmi lọ.